Ẹ má ti ẹni tó ti yó síta ní òun nìkan: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn onílé ijó àti onílé ọtí

Ẹ̀yin onílé ijó, ẹ̀yin onílé ọtí, ẹ̀yin máníjà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà,

Ẹ kú iṣẹ́ òru. Ẹ mọ̀ wá lójú, bí ẹ kò tiẹ̀ mọ orúkọ wa. Àwa ni àwọn aláṣọ dídán tó máa ń rìn ní mẹ́ta mẹ́ta kọjá níwájú yín lálẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé, tí a gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Omi ló wà nínú báàgì yẹn, pẹ̀lú sílípáàsì fún ẹni tí bàtà ti já mọ́ lẹ́sẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń kọ mànà bíi fàdákà, ọ̀rá tí èèyàn lè bì sí, páwà báǹkì, àti súìtì onígi. (Ẹ má fi súìtì yẹn rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i tó parí ìjà rí. Ẹni tí súìtì wà lẹ́nu rẹ̀ kì í lè pariwo dáadáa.) Ńṣe la yọ̀ǹda ara wa láti máa ran ẹni tó yó lọ́wọ́ lóru, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Olùkọ́ wà nínú wa, awakọ̀ wà nínú wa, ìyá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi fúnra mi, ìwé owó ni mò ń kọ lọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bá yín jà. Mi ò sì kọ ọ́ láti sọ pé kí èèyàn má jáde, kí wọ́n má jó, kí wọ́n má mu. Èmi náà ń jó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní, ẹnu ilẹ̀kùn yín ló sì wà. Mo fẹ́ ká jọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti yó lẹ́yìn tí ẹ bá mú un jáde tí ẹ sì padé ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ kan. Aago 1 òru ti kọjá díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan mú ọmọbìnrin kan jáde láti ilé ijó kan. Kò fà á, kò bú u. Kódà ó dì í lápá mú kó má baà ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ó tó báyìí, àǹtí, ẹ máa lọ sílé." Ó wọlé, ó padé ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin yẹn dúró. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kóòtù rẹ̀ wà nínú ilé, níbi tí wọ́n ń bá àwọn èèyàn kó aṣọ pamọ́ sí. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà sì wà láàárín agbo ijó, kò mọ̀ pé wọ́n ti mú un jáde. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹni tó bá ti jáde kò lè wọlé mọ́. Òfin ilé ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kì í ṣe ọ̀nà ilé rẹ̀ ló gbà. Apá ibi tí òpópónà ti ṣókùnkùn, tó já sí etí odò, ló kọrí sí.

Kí àwa tó sọdá títì, ọkùnrin kan ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti gbé apá lé e léjìká. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mo mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ gbé e délé ni." Ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, ọtí kò pa á, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ìyá nọ́ọ̀sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ ṣé o. Kí lorúkọ rẹ̀?" Ó dákẹ́. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí òun páàkì ọkọ̀ sí. Kò padà wá.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ alẹ́ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ijó yẹn tó ṣe ohun tó lòdì sí ìwé. Ẹni tó ń ta ọtí rí i pé ó ti yó, kò ta fún un mọ́. Òfin ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ìwé àṣẹ ọtí ti ọdún 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ọtí fún ẹni tó ti yó, irú òfin bẹ́ẹ̀ sì wà ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Máníjà ní kí wọ́n mú un jáde kí wàhálà má baà bẹ́. Ẹ̀ṣọ́ mú un jáde, jẹ́jẹ́. Gbogbo wọn ló tẹ̀lé ìlànà, ìlànà náà ló sì gbé ọmọbìnrin tí kò ní kóòtù, tí kò ní fóònù, tí kò sí ọ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Òfin sọ ẹni tí ẹ kò gbọdọ̀ tà fún. Kò sọ ibi tí ẹni náà máa gbà lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáwọ́ títà dúró. Àyè tó ṣófo yẹn ni àwa ń dúró sí lóru.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí i. Ní Norwich, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní SOS Bus bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín ìlú lóru ní ọdún 2001, lẹ́yìn tí odò ìlú náà ti gbé àwọn ọ̀dọ́ lọ. Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni ẹni tó yó, ẹni tó sọnù, ẹni tó fara pa, ti ń rí ibi jókòó sí. Ní January 2003, Les Isaac, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Brixton ní London, kó àwọn ọmọ ìjọ jọ kí wọ́n máa rìn ní òpópónà lóru, kí wọ́n máa tẹ́tí sí èèyàn, kí wọ́n máa ran ẹni tó bá nílò ìrànwọ́ lọ́wọ́. Street Pastors lorúkọ wọn, wọ́n sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ní July 2012, ìkúùkù kan ṣoṣo ló pa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Kings Cross ní ìlú Sydney ní Australia, látọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Àwọn òbí rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀, nígbà tó sì di December 2014, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń dúró láàárín ìlú yẹn lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń ṣí ibi ààbò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti dojú rú.

Ẹ tún un kà. Nínú ìtàn mẹ́ta yìí, méjì ló jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ní láti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga síta.

Ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yín máa ń sọ fún wa jù ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, atẹ́gùn á la ojú rẹ̀." Mo fẹ́ dáhùn èyí dáadáa, torí mo gbà pé àìmọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ ọtí mọ́ kúrò lára, bó ṣe ń rìn ni yóò máa rìn. Kọfí kò lè yára sí i, omi tútù kò lè yára sí i, atẹ́gùn kò lè yára sí i. Èyí tó burú jù ni pé ọtí tó ṣì wà nínú ikùn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń fèsì fún yín lẹ́nu ọ̀nà ní aago 1 lè má mọ ibi tó wà mọ́ nígbà tó bá fi di aago 1 ààbọ̀, láìjẹ́ pé ó tún mu ẹ̀kán kan. Ẹ̀yin rí i nígbà tó ṣì ń rìn. Àwa là ń rí i nígbà tó ti jókòó sórí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ọtí sì máa ń tan ara jẹ. Ó ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ara á máa gbóná lójú ẹni náà nígbà tó jẹ́ pé ooru ara rẹ̀ ló ń sá jáde. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin ọjọ́sí kò fi béèrè kóòtù rẹ̀. Òtútù kò mú un, lójú ara rẹ̀. Nígbà tí a bọ sílípáàsì sí i lẹ́sẹ̀, tí a sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn wé e, ó ń gbọ̀n débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó sì ń sọ fún wa pé kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Tí ẹni tó yó bá ti sùn, ẹ má fi í sílẹ̀ kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, torí èébì lè dí i lọ́nà ọ̀fun, ara tó yó kì í sì lè wúkọ́ láti tì í jáde bí ara tó jí pépé. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa ka èémí rẹ̀. Tí kò bá pé 8 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 láàárín èémí kan sí èkejì, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ pe áńbúláǹsì. Ẹ má dúró de máníjà. Ìwé tí wọ́n fún wa nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìtọ́jú pàjáwìrì sọ pé awọ ara á máa yí sí búlúù. Ó dára, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, ẹ lè wò títí ilẹ̀ á fi mọ́ kí ẹ má rí búlúù kankan. Ètè ni kí ẹ wò, erìgì ni kí ẹ wò, abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò. Mi ò mọ ìdí tí wọn kò fi kọ ìyẹn sínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ni ọtí ń pa.

Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mú ọkùnrin kan jáde nílé ọtí kan. Wọ́n ní ó yó, ó sì ń rí èèyàn fín. Lóòótọ́ ni, ó bú àwa náà. Ó ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò dún lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi ti ń wá ọ̀rá ìbì nínú báàgì. Ìyá nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà ló yí sí iná. Ẹ̀gbà kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù. Ó ṣì lè gbé nǹkan mì, torí náà ìyá ní kí n sáré lọ gba ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà wá, níbo sì ni màá ti gbà á bí kò ṣe nílé ọtí tó mú un jáde. Awakọ̀ ẹgbẹ́ wa ń pe áńbúláǹsì lọ́wọ́ lásìkò yẹn. Kó tó tó ìdá mẹ́rin wákàtí, ọkùnrin náà gbójú sókè, ó bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo la wà yìí?" Kò fẹnu kan ọtí rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Awakọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jẹ́.

Ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yó. Ẹni tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó yó. Adití tí kò gbọ́ ohun tí ẹ̀ṣọ́ sọ lẹ́ẹ̀mẹta á dà bí olóríkunkun. Ẹni tí a bí pẹ̀lú àìlera iṣan, tó jẹ́ pé bó ṣe ń rìn láàárọ̀ ló ṣe ń rìn lálẹ́, ti sọ fún mi rí pé ilé ọtí mẹ́ta ló kọ̀ fún òun láti wọlé lálẹ́ ọjọ́ ìbí òun. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí ẹ tó dá wọn lẹ́jọ́. Ìbéèrè kì í gbówó.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n da oògùn sí ọtí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mu ife kan tàbí méjì, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lójijì ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Òṣìṣẹ́ yín rí i, ó ní ọtí ti pa á, wọ́n mú un jáde. Ẹ fi ojú ẹni tó da oògùn yẹn wò ó. Ó wà nínú ilé yín, ó ń wò. Iṣẹ́ tó le jù fún un ni bí yóò ṣe ya ẹni yẹn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kúrò lábẹ́ iná, kúrò lójú kámẹ́rà. Ẹ ti bá a ṣe é. Kò ṣe ju kó gba ẹnu ọ̀nà jáde lẹ́yìn rẹ̀ lọ, kó ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má tì í síta ní òun nìkan. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ nínú gbọ̀ngàn ijó mọ́, mo gbà. Ilé yín ni. Ṣùgbọ́n láàárín gbọ̀ngàn ijó àti òpópónà, ẹ jẹ́ kí ibì kan wà. Àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí iná wà, tí ẹ̀ṣọ́ lè máa rí, tó. Ẹ fún un lómi. Ẹ bá a gba kóòtù àti báàgì rẹ̀ kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi í pé ta ni wọ́n jọ wá, kí ẹnìkan wọ inú ilé lọ wá ọ̀rẹ́ náà. DJ yín lè pe orúkọ kan, ó ń pe orúkọ àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí ní gbogbo alẹ́. Tí ẹ kò bá rí ọ̀rẹ́ kankan, ẹ pè wá. Nọ́ńbà wa wà lára páálí tí a fún yín, èyí tí mo rí i pé púpọ̀ nínú yín fi ń gbé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí a bá a nínú ilé, kó má jẹ́ pé ẹ̀bá ọ̀nà la ti máa bá a.

Nípa ti òfin pé ẹni tó bá ti jáde kò lè wọlé mọ́, mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan ń jáde lọ mu ohun olówó pọ́ọ́kú níta, wọ́n á tún padà wá. Àwọn kan ń lọ gbé ohun tí kò yẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó ń sọkún pé fóònù òun wà nínú ilé kò sí nínú àwọn wọ̀nyẹn, ẹ̀ṣọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta sì mọ ìyàtọ̀. Ẹ fún un láṣẹ láti lo ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan Angela náà. Ní ọdún 2016, ní agbègbè Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ jókòó lè lọ bá òṣìṣẹ́ ilé ọtí, kó ní òun ń wá Angela. Òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé ó ń tọrọ ìrànwọ́ ni, á sì mú un kúrò níbẹ̀ láìsí ariwo. Ètò náà rọrùn, ó sì ti tàn ká. Ẹ̀yin kan ti lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Ẹ ṣé. Mo wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ lọ, mo sún mọ́ ẹni tó ń ta ọtí, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní mò ń wá Angela. Ó yíjú padà, ó fi gbogbo ohùn pariwo sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ǹjẹ́ a ní Angela kankan níbí?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò wá mọ́, torí mo rò ó pé tó bá jẹ́ ẹni tó nílò rẹ̀ lóòótọ́ ni, tí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á jókòó sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́fà síbẹ̀ ńkọ́? Ìwé ara ògiri tí òṣìṣẹ́ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ burú ju kí ògiri wà lófìfo. Gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, kódà ẹni tó wá ṣe alẹ́ kan péré, ẹ sọ ọ́ fún un kó tó gbé ife àkọ́kọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àgbàlagbà ni wọ́n, kò sẹ́ni tó da ọtí sí wọn lọ́nà ọ̀fun. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tà á, ife kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ sì rí ìgbà tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà yín nìyí, ẹ̀yin sì ni ojú yín mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ní aago 2 òru.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ máa ń sọ lágbára ju ìyẹn lọ, máníjà kan ló sì la ojú mi sí i. Ó ní, "Tí mo bá pe áńbúláǹsì lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ mi ṣe, wọ́n á gbé e síwájú mi pé ilé mi ni wàhálà pọ̀ sí jù. Aládùúgbò mi tó ń tì wọ́n síta, tí kì í pe ẹnikẹ́ni, ìwé tiẹ̀ á mọ́ fínnífínní." Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fúnni ní ìwé àṣẹ, bí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ gbọ́ o: ẹ má fi ìpè ìrànwọ́ ṣe ẹ̀rí ìwà búburú. Ilé tí kì í pe ẹnikẹ́ni rárá ni kí ẹ lọ bi léèrè.

Àwa náà ní àléébù. Nígbà kan, a ní ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa tó máa ń bá àwọn ọmọbìnrin wí nípa aṣọ tí wọ́n wọ̀ kó tó fún wọn lómi. A ní kó dúró sílé. Àwọn ìgbà kan wà tí a dá sí ohun tí kò kàn wá: a sọ pé a máa ran ẹni tó ń gbádùn ara rẹ̀ lọ́wọ́, a sì ba alẹ́ rẹ̀ jẹ́. A kì í ṣe ọlọ́pàá, a kì í wọ àárín ìjà, a kì í fọwọ́ kan ẹni tó bá ní kí a má fọwọ́ kan òun, a kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni sínú ọkọ̀ tiwa. Ohun tí a máa ń ṣe jù kò ju kí a dúró. A dúró ti èèyàn títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi dé, títí takisí á fi dé, títí ìyá rẹ̀ á fi gbé fóònù. Nígbà mìíràn wákàtí méjì ni. Lákòókò yẹn, òpópónà tó kù kò ní ẹnikẹ́ni, torí àwa mẹ́ta péré la wà lóru. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ń lọ sí ogójì kí n tó kà á tán. Ẹ rò ó wò.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yín tí mi ò ní dárúkọ, torí mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wá sí ilé náà ń pè é ní Báúnsà Bàbá. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti ra àga méjì pẹ̀lú owó ara rẹ̀, ó gbé wọn sí abẹ́ iná lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Tí ó bá mú ẹnikẹ́ni jáde, orí àga yẹn ló ń gbé e sí, á sì gbé ọwọ́ sókè sí wa lẹ́ẹ̀kan ní òdìkejì títì. A ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá dé, á ti sọ orúkọ ẹni náà fún wa, iye tó mu lójú tirẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ wá, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé e. Àlàyé bẹ́ẹ̀ tọ́ sí nọ́ọ̀sì ju wa lọ. Àga méjì ni o, kò sí nǹkan mìíràn.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí délé. Ẹ̀ṣọ́ tó mú un jáde ló padà wá bá wa níta nígbà tó rí bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn lára rẹ̀. Ojú tì í. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde pẹ̀lú kóòtù, báàgì, àti bàtà kejì. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ìṣẹ́jú 10 yẹn ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín, kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, a máa jáde ní aago 9 ààbọ̀, kí èrò tó pọ̀. A máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnìkan jáde sí wa, máníjà tàbí ẹ̀ṣọ́, ẹni tó máa wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi ti ilé, kí a mọ orúkọ ara wa, kí ó sì fi ibi tí ẹ máa gbé àga sí hàn wá. A máa mú páálí tuntun dání, èyí tó ní nọ́ńbà wa, fún ẹ̀yin tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ti gba ti tẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ dídán tó ń dúró ní òdìkejì títì